Píìnì, Òwú tàbí Gúlúù: Àyẹ̀wò Àwọn Ohun Tí Wọ́n Fi Ń Pa Ojú Ọgbẹ́ Pọ̀ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Orúnkún

Nígbà tí àwọn àgbà wa bá fẹ́ lọ pààrọ̀ orúnkún, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi dókítà kì í pọ̀: irú irin wo lẹ máa fi sí i, ọjọ́ mélòó ni mo máa lò ní ọsibítù, ṣé màá tún lè kúnlẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tí wọn yóò fi pa ojú ọgbẹ́ náà pọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Bẹ́ẹ̀, irin tó wà nínú lọ́hùn-ún kò ní í hàn sí aláìsàn títí láé, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ ni yóò máa wò láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, òun ni yóò máa yún un, òun náà ni yóò sì máa já a láyà bí ó bá rí i pé aṣọ tí wọ́n fi dì í ń rin.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe ní Ìlú Ọba. Yàrá iṣẹ́ abẹ egungun ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, níbi tí mo ti ń gbé abẹ́rẹ́ àti òwú lé àwọn oníṣẹ́ abẹ lọ́wọ́. Ibi tí a ti ń tọ́jú ọgbẹ́ àwọn tó ti padà sílé ni mo wà báyìí. Ní England àti Wales nìkan, nǹkan bíi 100,000 orúnkún ni wọ́n ń pààrọ̀ lọ́dún kan, àwọn ìyá àti bàbá wa tó dàgbà sí ìhín sì wà lára àwọn tó ń gbà á. Ọjà tí wọ́n ń tà fún pípa awọ pọ̀ ti pọ̀ gan-an, olúkúlùkù ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ló sì ń sọ pé tòun ló dára jù. Èrò tèmi, lẹ́yìn tí mo ti bá gbogbo wọn lò, ni pé ọgbẹ́ tó gbẹ kíákíá ṣe pàtàkì ju ọgbẹ́ tó lẹ́wà lọ, ojú yẹn ni mo sì fi wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn níhìn-ín.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí orúnkún fi yàtọ̀ sí ikùn tàbí ẹ̀yìn. Ibi tí wọ́n ń là sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ó máa ń ti òkè egungun ìdérí orúnkún sọ̀ kalẹ̀ tààrà ní iwájú ẹsẹ̀. Ipele mẹ́ta ni wọ́n máa tún dí nígbà tí wọ́n bá ń padà jáde: àpò oríkèé àti iṣan tó bò ó, ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ, àti awọ fúnra rẹ̀. Ipele méjì àkọ́kọ́, òwú ni wọ́n máa ń fi rán an níbi gbogbo, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Awọ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Awọ iwájú orúnkún kò ní ẹran púpọ̀ lábẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ sì ń ti ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ wá. Kò tún sí ìsinmi fún un, nítorí pé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an tàbí ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ní kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹsẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì ká a ni ojú ọgbẹ́ ń nà. Irin àti ike ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí kòkòrò àrùn bá rí ọ̀nà dé ibẹ̀, yóò lẹ̀ mọ́ irin náà, yóò fi ohun kan tó ń yọ̀ bo ara rẹ̀, oògùn inú ẹ̀jẹ̀ kò sì ní í fi bẹ́ẹ̀ rí i mú mọ́. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lè padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó rí i pa.

Píìnì irin ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní staples, tí àwọn nọ́ọ̀sì ìhín sì ń pè ní clips. Inú ìbọn oníke kan báyìí ló wà, ti ẹnì kan péré ni, wọ́n á jù ú nù lẹ́yìn náà. Èyí tí wọ́n ń lò jù ń gba píìnì 35. Ẹnì kan yóò fi ẹ̀mú kékeré mú etí ọgbẹ́ méjèèjì pọ̀, kí awọ náà yọrí síta díẹ̀, ẹnì kejì yóò sì máa yìn ín tẹ̀ lé e. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó yára tó o, nítorí pé kí èèyàn tó palẹ̀ àwọn irinṣẹ́ mọ́, ọgbẹ́ ti dí. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti òde òní pátápátá, nítorí pé àwọn oníṣẹ́ abẹ India àtijọ́ a máa jẹ́ kí èèrà ńláńlá fi ẹnu gé etí ọgbẹ́ pọ̀, wọn a sì já ara rẹ̀ sọnù kí orí náà lè wà níbẹ̀. Àǹfààní píìnì kò mọ sí ti ìyára. Kì í fún awọ lọ́rùn, àyè wà láàrin ọ̀kan sí èkejì, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì pọ̀ lábẹ́ awọ ní ọjọ́ kejì, a lè yọ píìnì kan tàbí méjì kí ó rí ọ̀nà jáde láìtú gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń bá àwọn tí wọ́n fi í sí lára pàdé ní ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹrìnlá, tí ó bá tó àkókò láti yọ ọ́. Ẹlòmíràn kì í mọ̀ ju títa pín-ín lọ, ẹlòmíràn á di àga mú gírígírí. Níbi tí oníṣẹ́ abẹ bá ti kánjú, tí kò jẹ́ kí etí awọ yọrí síta kí ó tó yìn ín, etí náà yóò ká wọ inú, ibẹ̀ kò sì ní í jinná bọ̀rọ̀, nítorí òde awọ kì í lẹ̀ mọ́ òde awọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àpá píìnì lè hàn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ó bá pẹ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò ni ó mú kí orúkọ píìnì bàjẹ́ díẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ní ọdún 2010, àwọn oníwádìí láti Norwich kó ìwádìí 6 pọ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ, ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ egungun 683 ló wà nínú wọn, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ewu kí kòkòrò wọ ojú ọgbẹ́ tí wọ́n fi píìnì pa ju ìlọ́po mẹ́ta ti èyí tí wọ́n fi òwú rán lọ. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀ yóò rí i pé iṣẹ́ abẹ ìbàdí ni ìyàtọ̀ náà ti hàn jù, àti pé àwọn tó kọ ọ́ fúnra wọn sọ pé ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí orúnkún nìkan kò fi gbogbo ara gbè é lẹ́yìn. Nítorí náà, n kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó sá fún píìnì lórí orúnkún nítorí ìwé kan yìí, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní í ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Òwú náílọ̀nù, èyí tí wọ́n ń rán ní ẹyọ ẹyọ tí wọ́n sì ń ta kókó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó lágbára, kò wọ́n, kò sí ọsibítù tí kò ní in. Ó ń gba àkókò, àpá rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi yangàn. Síbẹ̀, bí awọ bá ti gbó tí ó sì fẹ́lẹ́, tàbí tí wọ́n ń la ojú àpá àtijọ́ lẹ́ẹ̀kejì, òun ni àwọn oníṣẹ́ abẹ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń padà sí, mo sì gbà pẹ̀lú wọn.

Òwú abẹ́ awọ ni èyí tí mo fẹ́ràn jù, kí n kúkú sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí mo dúró sí. Òwú tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ nínú ara ni, èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Monocryl. Abẹ́rẹ́ yóò máa gba inú awọ ní ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì láìyọjú síta, bí télọ̀ tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣẹ́tí agbádá tí ẹnikẹ́ni kò ní í rí ẹsẹ̀ òwú. Kò sí ohun tí wọ́n máa yọ. Àpá rẹ̀ máa ń tínrín. Agbára òwú náà ti máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá fi pé, gbogbo rẹ̀ yóò sì ti pòórá láàrin ọjọ́ 91 sí 119. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kéré jù, nítorí pé awọ tó ń jinná kì í ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ àtijọ́ lọ ní àkókò náà. Ìbẹ̀rù yẹn ì bá tọ̀nà bí ó bá jẹ́ pé awọ nìkan ló ń di ọgbẹ́ mú. Òwú ipele ìsàlẹ̀, tó jẹ́ irú mìíràn tó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó ń gbé ẹrù náà. Bí ẹni tó rán ìsàlẹ̀ bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, awọ kò ní í ṣe ju kí ó sinmi lé e lọ.

Àléébù rẹ̀ kan wà tí àwọn ìwé pélébé tí wọ́n ń fún aláìsàn kì í sábà mẹ́nu kàn. Bí kókó òwú bá súnmọ́ òkè jù, ara lè kọ̀ ọ́ kí ó tó yọ́ tán, yóò sì yọ orí síta lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí eéwo kékeré, pẹ̀lú ọyún díẹ̀ lẹ́nu. Mo ti rí àwọn ìyá tó wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú omijé, tí wọ́n gbà pé irin ti jẹrà nínú ẹsẹ̀ wọn, kò sì gbà ju kí n fi ẹ̀mú fa òwú tí kò gùn ju èékánná lọ jáde, ọ̀rọ̀ sì parí. Síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a fà nílé o. Ẹni tó mọṣẹ́ ni kí ó wò ó, nítorí pé ìgbà mìíràn wà tí ihò kékeré bẹ́ẹ̀ ń jìn ju bó ṣe rí lójú lọ.

Wọ́n tún ń ta òwú tí wọ́n rẹ sínú oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní triclosan, owó rẹ̀ sì ga ju ti èyí tí kò ní i lọ. Ó dùn létí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi í wé òwú lásán láàrin aláìsàn 2,546 tó ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí tàbí orúnkún ní England, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2018, kò dín àkóràn ojú ọgbẹ́ kù lọ́nà tó ṣe é gbáralé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi owó yín kún un, ẹ lè sọ pé rárá láìbẹ̀rù.

Òwú ẹlẹ́gùn-ún ni ọjà tí mo rò pé wọ́n ń lò níbi tó yẹ àti níbi tí kò yẹ. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Alcamo ti gba ìwé ẹ̀rí lórí irú òwú bẹ́ẹ̀ ní 1964, ṣùgbọ́n ọdún 2004 ni àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí Quill. Stratafix àti V-Loc tẹ̀ lé e. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ wà lára òwú náà, ó ń lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn, nítorí náà kò nílò kókó kankan. Nínú ipele ìsàlẹ̀, lórí àpò oríkèé, iṣẹ́ rẹ̀ wú mi lórí gidigidi: ó yára, ó ń pín agbára káàkiri ojú ọgbẹ́ dípò kí ó kó o jọ sábẹ́ kókó díẹ̀, ó sì ń dí àpò náà débi pé omi kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí wọ́n bá wá fi òun kan náà rán awọ ni ìṣòro ń dé. Ìwádìí tó ju ẹyọ kan lọ ti rí i pé wàhálà ojú ọgbẹ́ pọ̀ sí i níbẹ̀, ohun tí èmi náà sì ń rí bá a mu, nítorí pé awọ orúnkún fẹ́lẹ́ ju ohun tí ẹ̀gún lè sápamọ́ sí lọ. Ìsàlẹ̀ ni kí ó mọ sí.

Gúlúù wá kẹ́yìn, òun ló sì ní ìtàn tó dùn jù. Ní 1942, Harry Coover tó ń ṣiṣẹ́ ní Eastman Kodak ń wá ike tó mọ́ gaara tí wọn yóò fi ṣe ojú ìwòran ìbọn, ó bá bọ́ sórí ohun kan tó ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan tó bá fara kàn, ó sì pa á tì nítorí ìyọnu náà. Ohun náà ni ó di súpà gúlúù lọ́jà, tí wọ́n sì padà fọ́n sójú ọgbẹ́ àwọn ọmọ ogun nínú ogun Vietnam láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Èyí tí wọ́n ń lò fún awọ báyìí, tí Dermabond jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1998. Wọ́n ti tún un ṣe kí ó lè rọ̀, kí ó má sì pa ara lára. Súpà gúlúù tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kì í ṣe ìkan náà, ó máa ń gbóná lára, ó sì ń ba ẹran jẹ́. Mo ní láti sọ ọ́ torí pé ẹnì kan ti bi mí rí bóyá òun lè fi dí ibi tó ṣí díẹ̀.

Orí awọ ni gúlúù ń jókòó sí, kì í wọ inú ọgbẹ́. Bí ó bá kán sínú, ṣe ni yóò ya etí méjèèjì sọ́tọ̀. Ó ń fẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ, kí ìsàlẹ̀ sì ti gbé gbogbo ẹrù tán. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó dára púpọ̀: aláìsàn lè jẹ́ kí omi ṣan ibẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ díẹ̀, kò sí píìnì, kò sí òwú tí wọ́n máa yọ, yóò sì ṣí kúrò fúnra rẹ̀ láàrin ọjọ́ 5 sí 10. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ kàn án ni ohun olóròóró. Vaseline máa ń tú u, bẹ́ẹ̀ náà ni òróró ìpara, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fi òrí tàbí Robb ra orúnkún màmá nítorí pé ó ń ro ó, kí ó fi sí itan tàbí ojúgun, kí ó jìnnà sí ojú ọgbẹ́. Bí ó bá jẹ́ gúlúù nìkan ni wọ́n fi pa awọ orúnkún, láìsí òwú abẹ́ awọ, n kò fọkàn tán an. Nínú ìwádìí kan tí Khan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Australia, tó jáde ní 2006, wọ́n fi gúlúù, òwú abẹ́ awọ àti píìnì wé ara wọn lórí ìbàdí àti orúnkún. Orúnkún tí wọ́n fi gúlúù pa ni omi ń pẹ́ jù lára rẹ̀ kí ó tó dá.

Wọ́n ti gbìyànjú láti wo ibi tó kù sí yìí sàn pẹ̀lú àwọ̀n. Prineo ni orúkọ èyí tí mo mọ̀ jù: wọn yóò tẹ́ àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ kan sórí ọgbẹ́, wọn yóò sì fi gúlúù pa á lórí kí ó di awọ kejì tó ń bá orúnkún ká. Ní ti ẹwà àti ìrọ̀rùn, kò sí èyí tó tó o. Ọgbẹ́ á gbẹ, á dúró déédéé, aláìsàn á máa yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ. Owó rẹ̀ ga. Ohun tó ń dà mí láàmú nípa rẹ̀ sì ni pé ara àwọn kan ń kọ̀ ọ́. Bí ara bá kọ̀ ọ́, ibẹ̀ yóò máa yún lọ́nà tí kò ṣe é fara dà, èélá àti iléròrò kéékèèké yóò sú yí àwọ̀n náà ká, tí ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ibi tí gúlúù dé gan-an. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọ́pọ̀ jù lára ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ gúlúù irú bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pàápàá ẹni tó ń ṣe orúnkún kejì lẹ́yìn tí wọ́n ti fi í pa ti àkọ́kọ́. Ẹbí kan náà sì ni gúlúù yìí pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi ń lẹ èékánná àti irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ kì í jáde lọ sí òde àríyá láìlẹ nǹkan kan mọ́ ojú, bí ìpéǹpéjú yín bá ti wú rí nítorí rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó gbé abẹ.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ìwé ìlànà kò kọ fún wa. Wọ́n máa ń ní kí èèyàn pe ọsibítù bí ojú ọgbẹ́ bá pọ́n. Lára awọ dúdú, pípọ́n kì í sábà hàn bí pípọ́n. Àwọ̀ ibẹ̀ yóò dúdú sí i, tàbí kí ó dà bí àlùkò, yóò máa dán, yóò sì gbóná. Èyí ló ń jẹ́ kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó rí àkóràn lára àwọn ènìyàn wa, òun náà ló sì ń jẹ́ kí wọ́n pe ara tó kọ gúlúù ní àkóràn, tí wọ́n á sì máa fún èèyàn ní oògùn tí kò nílò. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orúnkún méjèèjì, kí ẹ fi wé ara wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé orúnkún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe máa ń gbóná díẹ̀ fún oṣù mélòó kan lọ́nàkọnà. Èyí tó ń gbóná sí i lójoojúmọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Síìpù oníke tún wà, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ méjèèjì tí wọ́n sì ń fà pọ̀ láìgún awọ rárá. Yíyọ rẹ̀ kì í dun èèyàn. N kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi san owó tí wọ́n ń pè lé e.

Lórí àpá, ìbéèrè nípa keloid, àpá tó ń wú kọjá ojú ọgbẹ́, ni mo máa ń gbọ́ jù, ìdí sì wà fún un, nítorí pé ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú. Etí, àyà, èjìká àti òkè ẹ̀yìn ni ó fẹ́ràn jù. Orúnkún kì í sábà jẹ́ ibùgbé rẹ̀. Ohun tí orúnkún máa ń ní ni àpá tó wú, tó le, ṣùgbọ́n tí kò kọjá ojú ibi tí wọ́n là, èyí sì máa ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí oṣù bá ti ń gorí oṣù. Nínà ojú ọgbẹ́ àti àkóràn ló ń fà á ju irú ohun tí wọ́n fi pa á lọ. Ẹni tí keloid ti ṣe rí, kí ó sọ ọ́ síbẹ̀, èmi ì bá sì yan òwú abẹ́ awọ fún un ju píìnì lọ, kí ihò tó wà lára awọ lè kéré.

Bí iṣẹ́ abẹ náà bá jẹ́ ti ilé, ìṣirò yí padà díẹ̀. Ní Igbóbì l'Ékòó, ní UCH n'Íbàdàn àti ní àwọn ọsibítù aládàáni tó ń ṣe é, àpò ẹbí ni ọ̀pọ̀ owó ti ń jáde, wọ́n sì lè kọ àwọn ohun èlò sílẹ̀ pé kí ẹ lọ rà. Bí ẹ bá rí ìbọn píìnì lórí ìwé náà, ẹ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo kí ẹ tó sanwó: níbo ni wọn yóò ti yọ ọ́? Irinṣẹ́ àyọkúrò píìnì kì í wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké ló ní i, bí màmá bá sì ń padà sí Ìṣẹ́yìn tàbí Ìkìrun lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ rà á mọ́ ìbọn náà kí ẹ gbé e lé e lọ́wọ́. Òwú náílọ̀nù kò ní irú wàhálà yìí, nọ́ọ̀sì èyíkéyìí tó bá ní abẹ tó mọ́ lè gé e. Òwú abẹ́ awọ kò tilẹ̀ nílò ẹnikẹ́ni. Ìdì ọgbẹ́ tó ń nà pẹ̀lú orúnkún, tí wọ́n lè fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 7 láìṣí i, ni mo rò pé ó tọ́ kí ẹ fi owó tó bá ṣẹ́ kù rà, nítorí pé bí a ṣe ń ṣí ọgbẹ́ wò lójoojúmọ́ ni a ń pe kòkòrò wá. Aquacel jẹ́ ọ̀kan nínú irú èyí, mo sì ti rí i pé iléròrò kì í sú lábẹ́ rẹ̀ bíi ti pílásítà lásán. Èyí tó ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fa omi, bíi PICO, tọ́ sí ẹni tó sanra púpọ̀, tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí wọ́n ń tún iṣẹ́ àtijọ́ ṣe. Ti àwọn yòókù, àṣejù ni.

Ìdájọ́ mi nìyí, ẹni tó bá ní èrò mìíràn kò ṣẹ̀. Òwú ẹlẹ́gùn-ún tàbí òwú lásán tí wọ́n rán dáadáa nísàlẹ̀, òwú abẹ́ awọ lókè, gúlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan láti dí i: èyí ni mo gbà pé ó dára jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Píìnì wà ní ipò kejì, kò sì jìnnà sí ti àkọ́kọ́, ó tilẹ̀ lè ṣíwájú rẹ̀ fún ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kò ní í tètè gbẹ. Àwọ̀n alágúlúù jẹ́ ti ẹni tó lówó, tí ara rẹ̀ kò sì kọ nǹkan. Bí oníṣẹ́ abẹ yín bá sọ pé píìnì lòun mọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí ó lò ó, nítorí pé ọwọ́ tó ti mọ́ ohun kan sàn ju ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èkejì lórí ẹsẹ̀ yín.

Èyí tó kù ni omi. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2007, gbogbo ọjọ́ kan tí omi bá fi ń jáde ju bó ṣe yẹ lọ lójú ọgbẹ́ orúnkún ń fi 29% kún ewu àkóràn, ohun yòówù kí wọ́n fi pa á. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó rin aṣọ ní ọjọ́ kìn-ín-ní àti ìkejì kò burú. Bí ó bá ṣì ń jáde ní ọjọ́ kẹta, kí ẹ dín kíká ẹsẹ̀ kù kí ẹ sì pe àwọn tó ṣe é. Bí ó bá di ọjọ́ karùn-ún, kí ẹ padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀. Kí ẹ má ṣe yà sọ́dọ̀ kẹ́mísìtì fún oògùn apakòkòrò lójú ọ̀nà, nítorí pé bí oògùn bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fa omi inú orúnkún wò, kòkòrò náà lè fara pamọ́ fún àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, oníṣẹ́ abẹ kò sì ní í mọ èyí tó ń bá jà.